Ohun Tí Mo Sọ Lọ́fíìsì Kọ́sítọ́ọ̀mù

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì

Kékeré mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò tíì gbé ọ mì? Àwa wà níbí, a ò sùn, a ò jí, a kàn wà ni. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo sì ti kà á débi pé ibi tí mo ń ká a sí ti fẹ́ ya. O tún ní kí n jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ti sọ fún ọ, mi ò fẹ́. O máa ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé, tí n bá sì fẹ́ dáhùn, wàá ní ọ̀gá rẹ ń pè ọ́. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ tèmi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ti ròyìn mi fún ọ. Ọ̀gá Tíṣà yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe olórí iléèwé, gbogbo ayé ló ti di ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní mo ta páálí mílíìkì ńlá fún télọ̀ iwájú ilé ní iye owó kékeré. Ó ní ẹnì kan wá ra ṣúgà, mo di ọṣẹ ìfọṣọ fún un. Lóòótọ́ ni, mo dì í fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọjà ló yẹ kó lọ bá wí. Lẹ́tà ara páálí ti wá rí bí ẹsẹ̀ èèrà láyé ìsinsìnyí. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan.

Ó wá fún mi ní gbèdéke. Torí pé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù, ó ní tí owó ilé bá parí ní ìparí oṣù kẹjọ, tí ìṣirò ọjà mi ò bá tíì gún, òun ò ní san òmíràn mọ́. Ó ní kí n kó ẹrù mi wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé òun, kí n wá máa sinmi. Kí n máa sinmi kí n máa ṣe kí ni? Èmi tí mi ò lè jókòó jẹun tán kí n má dìde wo ẹnu ọ̀nà? Tí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ mi, kí wọ́n kúkú wá gbé mi náà.

Mo rí i nínú ìwé rẹ pé o ti fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, méjì nínú àpótí kan, èyí tí wọ́n ń yìn sí ìlà dúdú dúdú ara ọjà tí orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ á fi jáde. Síkánà lo pè é. Inú mi dùn, mi ò ní tan ọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ tí kò jẹ́ kí n gbádùn: o ní ìwọ náà á máa rí gbogbo ohun tí mo bá tà láti ọ̀hún. Kí ló fa ìyẹn? Ṣé o fẹ́ máa ṣọ́ mi ni? Ọ̀gá Tíṣà ń ṣọ́ mi níbí, ìwọ náà á máa ṣọ́ mi lókè òkun, ta ló wá kù tí kò ní ṣọ́ mi? Dá mi lóhùn èyí kí àpótí tó dé.

Èmi ni,
Màmá rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú àárò wa, mà. Ara mi le, iṣẹ́ ló pọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo wà yìí, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, irú ẹ̀rọ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yẹn náà ni mo ń tẹ̀. Ìka mi ti mọ̀ ọ́n ju ṣíbí lọ. Nígbà tí wọ́n ń ta àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni mo sáré ra méjì, torí ẹ̀yin ló wá sí mi lọ́kàn.

Màmá, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣọ́ yín. Tí mo bá ń rí ohun tí ẹ tà, mo lè bá ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀rọ̀ náà. Tó bá tún ní ìṣirò yín ò gún, màá ní irọ́ ni, ó wà níwájú mi. Tiyín ni mo ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní ìwé ńlá kan tí wọ́n fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí tí wọ́n bá fi ọjà sí ni wọ́n á fi mọ owó bodè tó máa san. Síkánà yìí, abẹ́ kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni, bí ojú ṣe jẹ́ ẹ̀yà ara èèyàn. Ìsọ̀rí yẹn kì í san nǹkan kan. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú àpótí. Kọ̀ǹpútà tí mo rà fún yín nígbà tí mo wálé ṣì wà lábẹ́ káńtà, àbí? Òun la máa so ó mọ́.

Ejẹ́ǹtì ló máa bá wa gba ẹrù. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà lára àpótí, wọ́n lè ní kí ẹ wá. Tí ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ kàn sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, kí wọ́n bi ejẹ́ǹtì. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ yín,
Kékeré


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Kékeré,

Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, torí náà wá ibi jókòó sí kí o tó kà á.

Àpótí ti dé. Ejẹ́ǹtì wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní wọ́n fẹ́ rí ẹni tó ni ẹrù. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ sí báńkì, mo tẹ̀lé e. Ibẹ̀ jìn. Ọgbà gbàràmù kan ni, àpótí onírin ló kún ibẹ̀, eruku sì ń sọ lálá. Wọ́n ní ká dúró lọ́dẹ̀dẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan sì ti gbé ẹrù rẹ̀ lé e. Mo dúró títí orúnkún mi fi ń bá mi jà.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ọ̀gá kan ló wà nídìí tábìlì. Gíláàsì méjì ló ní, ó fi ọ̀kan sójú, ó fi èkejì sórí. Ó ti tú àpótí. Ó mú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ, ó fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì, ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn, ó dún píì. Ó bi ejẹ́ǹtì pé kí lèyí ń ṣe gan-an. Ejẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Ló bá kọjú sí mi. Mo ti ṣe tán láti sọ ohun tí o ní kí n sọ, mo ti la ẹnu. Ọkùnrin yìí ni kò jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ohun tí wọ́n ń dà nù lọ́hùn-ún ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí yín yìí. Ìbọn ìṣeré ọmọdé ni.”

Kékeré, ẹ̀jẹ̀ mi hó. Níwájú ejẹ́ǹtì ni o, níwájú akọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ bisikíìtì. Mo ní ọmọ mi kì í fi pàǹtí ránṣẹ́. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má bà á jẹ́. Mo ní ẹ̀rọ yìí lójú, ó lẹ́nu, ó ń kàwé, ó ń ṣe ìṣirò, ó ń tọ́jú owó. Mo rí i pé ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá sọ èyí tó pa á lẹ́nu mọ́. Mo ní ó ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lókè òkun, kò lo wáyà, inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà lọ. Pé tí mo bá ta ìṣáná lásán, ọmọ mi á ti gbọ́ kí oníbàárà tó yíjú padà.

Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé kò lo wáyà. Mo ní wáyà wo. Ó fa ìwé ńlá kan yọ, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ń wo ìwé. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi. Ó kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀, ó kà á sí mi létí, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò tẹ̀ka o, mo kọ orúkọ mi.

Ìwọ lo ní kí n sọ pé mi ò mọ nǹkan kan. Èmi tí mo fi ṣúgà àti iyọ̀ rán ẹ̀yin méjèèjì nílé ìwé, kí n dúró níwájú ọmọ aráyé kí n ní mi ò mọ nǹkan kan? Má kọ irú ẹ̀ sí mi mọ́.

Ejẹ́ǹtì ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń retí àpótí. Mo ti nu orí káńtà.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mi ò kí yín bó ṣe yẹ, ara mi ò balẹ̀. Ejẹ́ǹtì ya fọ́tò ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Màmá, ta ló ní kí ẹ sọ ìyẹn?

Wọ́n ti yọ síkánà kúrò lábẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìsọ̀rí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n kó o sí, irú èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti ìlú kan dé èkejì. Owó bodè tí wọ́n bù lé e ju iye tí mo ra ẹ̀rọ lọ. Owó nìkan tiẹ̀ kọ́. Wọ́n ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì mìíràn, ọ́fíìsì yẹn ò sì ní dá oníṣọ́ọ̀bù lóhùn láéláé. Tí oṣù kẹfà bá parí tí a ò mú ìwé àṣẹ wá, wọ́n á lu àpótí wa ní gbàǹjo.

Ẹ̀rọ yẹn ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àìlo wáyà tó ní, láti orí káńtà dé ìdí kọ̀ǹpútà ni, kò lè kọjá ògiri. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìṣirò. Fóònù tí a bá so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Òun fúnra rẹ̀, kó tàn, kó dún, ó parí.

Mi ò lè rí òmíràn rà, wọ́n ti tà á tán. Tí èyí bá lọ, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ẹ padà lọ bá ọ̀gá yẹn, Màmá. Ẹ ní ẹ ṣì í sọ ni. Gbólóhùn kan péré. Ẹ jọ̀ọ́ mà.

Kékeré


Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún

Kékeré,

Mi ò béèrè àlàáfíà rẹ torí pé ìwọ náà ò béèrè tèmi.

Mi ò lọ. Kí ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò yìí? Ìyá Ẹnu-Kan. Látìgbà tí mo ti ń tajà, tí mo bá ti dá iye lé nǹkan, ó parí, ẹni tó bá fẹ́ ná an kó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Èmi ni kí n padà lọ bá onígíláàsì kí n ní mo ṣì í sọ? Á ní ṣé òun ò wí, pé pàǹtí ni. Mo tún rò ó wò, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ṣì. Ìwọ lo kọ ọ́ pé wàá máa rí ohun tí mo tà. Tí nǹkan bá wà lọ́dọ̀ mi, tí ìwọ sì ń ti ọ̀hún mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, ṣé kì í ṣe pé ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọ̀gá Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá, òun àti ejẹ́ǹtì, ó mú ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ dání. Ejẹ́ǹtì ló fún un nímọ̀ràn. Ó ní ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ọmọ kọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé ìyá òun ti darúgbó, orí rẹ̀ ò pé mọ́, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Tí wọ́n bá ti gba èyí, ohun tí mo sọ á dòfo, wọ́n á sì padà sí ohun tí o kọ sínú àpótí.

Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ mi, ó ń kà á sí mi létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tu aláìsàn nínú. Télọ̀ dúró níbẹ̀, bátìrì ló wá rà, kò wá ra bátìrì mọ́, ó ń wo ojú mi. Mo jẹ́ kó kà á tán. Mo wá bi í: tó bá ti wà ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé orí mi ò pé, tí oṣù kẹjọ bá dé tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kó má tì í? Ó ní torí ẹ̀rọ ni òun ṣe ń ṣe é. Mo ní kó dìde lórí ọṣẹ mi.

Ṣé o rí i báyìí? Ẹ̀rọ tí o ní á bá mi gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi gbà á. Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un kó ya ìwé yẹn. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Kékeré,

Ṣé ìwé mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ ni, àbí o rí i o ń wò ó?

Ìdí mi ò gbé àga mọ́. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo tì í, mo tún ṣí i. Mo kó mílíìkì sí ibi tí ọṣẹ wà, mo wò ó, mo tún kó ọṣẹ padà. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti ń gba òpópónà kejì, torí tí mo bá ti rí i, màá ti dúró sí ojú ọ̀nà. Mi ò dá a lẹ́bi, kò lè fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà fún mi.

Mo lọ sí ọgbà kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan. Mi ò wọlé. Mo dúró sí ibi tí àwọn onítírélà ń dúró sí, mo ń wo géètì. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ wá bi mí pé ta ni mo ń wá. Mo ní ọkọ̀ ni mo ń dúró dè. Ọkọ̀ kan dé lóòótọ́, mo wọ̀ ọ́, mo wálé. Kì í ṣe ẹ̀rù. Oòrùn ló mú.

Ọ̀gá Tíṣà ò tíì wá láti ọjọ́ tí mo lé e. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní kékeré, tí a ò bá ti gbúròó rẹ̀ nínú ilé, nǹkan ló ń bà jẹ́ níbì kan.

Dá mi lóhùn. Ìlà kan náà tó.

Màmá rẹ


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Mo ti kó kúrò ní ilé tí mo wà, ibẹ̀ ni ìwé yín ti ọjọ́ keje balẹ̀ sí, àná ni ẹni tí a jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí gbé e fún mi. Iṣẹ́ òru ni wọ́n gbé mi lọ báyìí. Mo ń sùn nígbà tí gbogbo ayé bá ń pariwo.

Kí ìwé yín tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí lórí fóònù. Ó bi mí léèrè ohun tí mo rò nípa ìwé yẹn. Mo ní kó fọwọ́ sí i.

Màmá, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìwé lásán ni. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á jù ú sínú dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́ láéláé. Tí ẹ̀rọ bá ti dé ọwọ́ yín, tí ìṣirò yín gún, kí ni ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ wí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní ohun tó bá wù wọ́n fún ọjọ́ kan. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń pè mí níbí. Mo ń dáhùn, torí kí n lè ráyè ṣe ohun tí mo wá ṣe.

Ó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí òun àti ejẹ́ǹtì wá. Ẹ má bá a jà, mà. Tí ẹ bá fi lè dákẹ́ di ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ á parí.

Ẹ kọ̀wé sí mi.

Kékeré yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Kékeré,

Àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá gan-an ni ìwé rẹ dé. Mo ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Orí ìdúró ni mo ti kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kó fọwọ́ sí i, mo padà sókè, mo tún kà á wálẹ̀, bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ rẹ ni.

Mi ò wẹ̀, mi ò pààrọ̀ aṣọ. Mo ní kí télọ̀ bá mi jókòó ti ọjà. Mo gun alùpùpù, èmi tí mo ti ní mi ò ní gun nǹkan yẹn láyé mi, mo sì sọ fún ọkùnrin tó ń wà á pé kó yára.

Ọ̀gá Tíṣà àti ejẹ́ǹtì ti wọlé kí n tó dé. Ìwé yẹn wà lórí tábìlì, onígíláàsì ti ṣí ìdérí òǹtẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà dìde, ó ní Màmá, kí lẹ wá ṣe. Mo sọ fún onígíláàsì pé kó fún mi ní ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ mi ló wà nínú rẹ̀. Ó wo Ọ̀gá Tíṣà, ó wò mí, ó nà án sí mi.

Mo kà á sókè. Ó pẹ́. O mọ bí mo ṣe ń kàwé, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Níbi tí lẹ́tà ti wẹ́ jù, mo nà án jìnnà sójú. Ẹnikẹ́ni ò bá mi kà á, ẹnikẹ́ni ò sì jáde. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, Ọ̀gá Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀.

Mo gbé e sílẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa fún yín. Mo mọ ohun tí mo ń sọ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo parọ́. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí mi ò pé.”

Ejẹ́ǹtì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Onígíláàsì bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé ẹni tó bá parọ́ nídìí tábìlì yẹn á san owó ìtanràn, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára àwọn tí wọ́n á máa tú ẹrù wọn dé ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ní mo gbọ́. Ọ̀gá Tíṣà wá sún mọ́ mi, ó rọra sọ fún mi pé kí n má fi owó ṣòfò, ìwé tòun ò ná wa ní nǹkan kan. Mo ní òun ni kò mọ iye tó ń ná mi.

Onígíláàsì tún bi mí pé kí wá ló dé tí mo fi parọ́.

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ní pàǹtí ni ọmọ mi kó ránṣẹ́ sí mi.”

Ó yọ gíláàsì orí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Akọ̀wé yẹn ò jẹ nǹkan kan mọ́. Mo wá sọ òótọ́ fún un bí o ṣe kọ ọ́ sí mi. Mo ní ojú tí kò ní orí ni. Mo ní kò lè sọ̀rọ̀, kò lè ṣe ìṣirò, kò lè tọ́jú owó. Tí wọ́n bá gbé e kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, kó tàn kó dún ni gbogbo agbára rẹ̀. Ó le láti sọ, Kékeré. Ńṣe ló dà bíi pé mo ń bọ́ ọ láṣọ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán.

Ó ní kí wọ́n gbé àpótí wá. Ó yin ẹ̀rọ sí ìlà ara agolo mílíìkì tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Píì. Ó tún yìn ín. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan kí òun. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó dá ẹ̀rọ padà sí ìsọ̀rí tí o fi í sí. Ó kọ ìwé mìíràn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ni ẹrù fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ irọ́, mo fọwọ́ sí i. Owó ọjà mi ni mo fi san ìtanràn. Ọ̀gá Tíṣà ti ki ọwọ́ bọ àpò, mo ní kó yọ ọ́. Onígíláàsì ò lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ti Ọ̀gá Tíṣà. Ó ká a, ó dá a padà fún un.

Èmi àti Ọ̀gá Tíṣà jọ wálé nínú ọkọ̀ kan náà, àpótí wà lórí itan mi.

Atúnfóònùṣe ìsàlẹ̀ òpópónà ló bá mi so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Odidi ọjọ́ kan ló fi kọ iye ọjà sínú rẹ̀, mo dúró tì í, mo ń pè é fún un. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ọ̀gá Tíṣà wọlé. Ó kí mi. Ó mú mílíìkì ńlá, ó yìn ín, ó mú kékeré, ó yìn ín, ó mú ọṣẹ, ó mú ṣúgà, ó lọ mú ìṣáná ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń wá ibi tí á ti ṣìṣe. Èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ṣé ó fẹ́ ra nǹkan ni, àbí kó yà fún àwọn tó fẹ́ ra. Ó ra mílíìkì kan. Mo fún un ní ṣéńjì. Ó kà á, ó tún un kà. Ó pé. Ló bá ní tó bá di oṣù kẹjọ, òun á san owó ilé. Mo ní kó má ṣe wàhálà, mo ti rí onílé, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ tèmi ló máa wà lórí ìwé tuntun. Ó ní ó dáa. Ó mú mílíìkì rẹ̀, ó ní ó dáa, mà.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló kù. Nígbà tí atúnfóònùṣe fẹ́ parí iṣẹ́, ó bi mí pé ṣé kóun so fóònù mọ́ ọn kí o lè máa rí ọjà láti ọ̀hún. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà, mo ti mọ̀ ọ́n, kò sígbà tí kì í fẹ́ fún èèyàn ní máàkì bí ọmọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìwọ ló bi léèrè, ìwọ lo sì ní kó fọwọ́ sí i. Mi ò bá ọ jà. Mi ò fẹ́ kí o bẹ̀ mí nínú ìwé, mi ò sì fẹ́ owó. O ní kí n jẹ́ kí wọ́n pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n. Ìwọ, tí wọ́n bá ń pè ọ́ ní ohun tí o ò jẹ́ níbẹ̀, má dá wọn lóhùn mọ́.

Wàá wálé. Wàá jókòó níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé orí mi pé. Ọjọ́ yẹn ni màá ní kí wọ́n so fóònù mọ́ ọn. Kó tó di ìgbà náà, tí o bá fẹ́ mọ ohun tí mo tà, kọ̀wé, kí o béèrè. Màá sọ òótọ́ fún ọ.

Màmá rẹ